Ta Ni Bàbá Ole Olsen? Bí Ìwé Ìjọ Ṣe Ń Fi Orírun Sójà Hàn

Ní ìparí ọdún 1861, nígbà tí ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ Nọ́wè tí wọ́n ti tẹ̀dó sí ìpínlẹ̀ Wisconsin àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ láti jà fún ìjọba àpapọ̀. Ìlú Madison ni wọ́n kó ara wọn jọ sí. Rẹ́jímẹ́ǹtì Kẹẹ̀ẹ́dógún ti Wisconsin ni wọ́n pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn. Nínú nǹkan bí 900 ọkùnrin tó wà níbẹ̀, àwọn tó ń jẹ́ Ole lé ní 100.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́ o: Ole yìí kì í ṣe olè tó ń fọ́lé. “Úlẹ̀” ni wọ́n ń pè é, orúkọ rere sì ni lọ́dọ̀ àwọn ará Nọ́wè. Ṣùgbọ́n orúkọ rere yìí ti kó ọ̀pọ̀ ìdílé sí wàhálà. Bí ọmọ-ọmọ sójà kan bá fẹ́ mọ ibi tí bàbá ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀, tó sì ṣí ìwé àwọn ọmọ ogun, ohun tó sábà máa ń bá níbẹ̀ kò ju orúkọ, ọjọ́ orí, àti pé Nọ́wè ni wọ́n ti bí i. Nọ́wè wo? Ilẹ̀ náà gùn, Ole Olsen sì pọ̀ níbẹ̀ bí ewé. Ẹni tó bá mú Ole tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò máa fi baba ẹlòmíràn yangàn, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jogún àṣìṣe náà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Nọ́wè ayé àtijọ́. Wọ́n sábà máa ń fi orúkọ bàbá bàbá sọ àkọ́bí ọkùnrin, wọ́n á sì fi ti bàbá ìyá sọ èkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á so orúkọ bàbá mọ́ ọn. Olsen ni ọmọkùnrin Ole, Olsdatter ni ọmọbìnrin rẹ̀. Orúkọ kẹta ni ti oko tí ìdílé ń gbé. Bí ọkùnrin kan bá kó kúrò ní oko kan lọ sí òmíràn, orúkọ oko tuntun ló máa ń jẹ́. Nítorí náà, ọmọ ìyá méjì lè dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí kò jọra rárá.

Ẹ wo Hans Christian Heg, ọ̀gá àgbà rẹ́jímẹ́ǹtì náà. Ìlú Lier ní Nọ́wè ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1829. Even Hansen Heg ni bàbá rẹ̀, Siri Olsdatter sì ni ìyá rẹ̀. Kí a tó ka ojú ìwé kejì, orúkọ wọn ti sọ̀rọ̀: Hans ló bí Even, Ole ló bí Siri, wọ́n sì fi orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ pe àkọ́bí wọn. Ní 1840 ni ìdílé náà kó lọ sí Muskego ní Wisconsin. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1863, ìbọn bà á ní ojú ogun Chickamauga, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ère rẹ̀ wà ní Madison, irú rẹ̀ kan sì wà ní Lier. Kò sí ẹni tó ń béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e lọ sójú ogun ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́rùn. Púpọ̀ nínú wọn kò padà, àìsàn ló sì pa wọ́n ju ìbọn lọ.

Ìwé ìjọ ló ń gba irú wọn sílẹ̀. Láti ọdún 1685 ni òfin ṣọ́ọ̀ṣì ti ní kí àlùfáà máa kọ orúkọ àwọn tó bá sàmì fún, àwọn tó bá so pọ̀ àti àwọn tó bá sin. Ní 1812, wọ́n tún pàṣẹ pé kí ìwé náà di méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ àlùfáà, èkejì lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ, kí méjèèjì má sì ṣe sùn lábẹ́ òrùlé kan náà. Bí iná bá jó ọ̀kan, èkejì á ṣẹ́kù.

Ohun tó wà nínú ìwé yìí ju orúkọ lọ. Níbi ìsàmì, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, orúkọ bàbá àti ìyá, oko tí wọ́n ń gbé, àti orúkọ àwọn òbí ìsàmì, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ ẹbí tàbí aládùúgbò. Níbi kọnfáméṣọ̀n, tí ọmọ máa ń ṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àlùfáà á kọ bí ọmọ náà ṣe mọ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sí, àti ọjọ́ tó gba àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná. Àyè tún wà fún àwọn tó ń kó jáde kúrò ní ìjọ. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń wá sójà ti lè rí orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó gbéra, kí ó sì rí i pé Amẹ́ríkà ló ń lọ.

Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Nọ́wè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé, kí wọ́n wo inú Bíbélì ìdílé, ẹ̀yìn fọ́tò àti lẹ́tà àtijọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ sí ìwé ìjọ Luther tí àwọn ọmọ Nọ́wè dá sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí àwọn àlùfáà wọn sábà máa ń kọ orúkọ ìjọ tí ẹnì kan ti wá. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà, tó wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Washington, tún wúlò. Ní 1862, òfin fún opó, ọmọ àti ìyá sójà tó kú ní ẹ̀tọ́ sí owó yìí, ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò tó. Opó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ni ìyàwó, kí ó sì fi ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ hàn. Ìlà kan tí àlùfáà kọ lè di oúnjẹ àwọn ọmọ aláìní baba.

Nígbà tí orúkọ ìjọ bá ti wà lọ́wọ́, kí wọ́n wo ọdún méjì ṣáájú àti méjì lẹ́yìn ọdún tí sójà náà sọ pé wọ́n bí òun, nítorí ọjọ́ orí inú ìwé ogun kì í fi gbogbo ìgbà péye. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo Ole tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Ole sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí ẹyọ kan ṣoṣo, kí wọ́n má tíì yọ̀. Kí wọ́n lọ wo ìwé ìsìnkú. Ọmọdé ń kú púpọ̀ nígbà náà, bí Ole kan bá sì kú, wọ́n lè fi orúkọ kan náà sọ àbúrò rẹ̀. Ole tó kú ní ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè gbé ìbọn ní Wisconsin. Ẹni tó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n wá a níbi kọnfáméṣọ̀n, àyàfi tó bá kéré nígbà tó kúrò nílé, gẹ́gẹ́ bíi Hans Heg tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kí wọ́n wá wò ó níbi àwọn tó kó jáde. Bí oko, òbí àti ọjọ́ bá bára mu ní gbogbo ibi wọ̀nyí, a jẹ́ pé òun ni.

Lónìí, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Nọ́wè ti ya àwòrán àwọn ìwé wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojúlé tí wọ́n ń pè ní Digitalarkivet, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Èdè àwọn ará Denmark ni wọ́n fi kọ wọ́n, ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ náà sì le láti kà, ó gba sùúrù. Fún ọ̀pọ̀ sójà, ìlà tó sọ pé wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà ni ohun ìkẹyìn tí ìjọ kọ nípa wọn nílé. Àwọn òbí kan kò mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ wọn sí títí wọ́n fi kú. Ẹni tó bá so ìlà yẹn pọ̀ mọ́ orúkọ tó wà nínú ìwé ogun ti bá ẹbí méjì ṣe é: àwọn tó wà ní oko ní Nọ́wè á mọ ibi tí ọmọ wọn parí sí, àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà á sì mọ ilé tí bàbá wọn ti jáde.