Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Báwo lèèyàn ṣe ń di occupational therapist?

Bí rọpárọsẹ̀ bá kọ lu ìyá àgbà, tí ọwọ́ ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́, ta ni yóò kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi ọwọ́ òsì bu òkèlè, tí wọn yóò dá bùbá wọ̀? Iṣẹ́ occupational therapist nìyẹn. Ẹ má pè wọ́n ní físíò o, iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ń kọ́ni níṣẹ́ yìí, ọdún 5 gbáko. Kí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì pé pẹ̀lú kírẹ́díìtì. Ẹgbẹ́ wọn lágbàáyé, WFOT, ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán wákàtí 1,000 lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, lábẹ́ ọ̀gá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku kéèyàn forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board.

Sùúrù ni mo kà sí pàtàkì jù níbẹ̀. Bí aláìsàn bá ń bá bọ́tìnnì kan ṣoṣo jà, tẹ́ ẹ bá sáré bá a dè é, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, dókítà nìkan kọ́ ló wà nílé ìwòsàn. Ẹ wo ìwé JAMB dáadáa kó tó yan kọ́ọ̀sì.