Kí Á Tó Gba Àjèjì Síṣẹ́

Àwọn kan nínú wa ń lo lébìrà láti Tógò àti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ ra ẹ̀rọ láti Íńdíà, ẹni tó ń tà á sì ní òun yóò rán oníṣẹ́ wá tò ó. Wọ́n wá bi wá pé: ṣé dandan ni kí á gba àṣẹ ìjọba? Dandan ni o, ṣùgbọ́n àṣẹ náà kì í ṣe oríṣi kan.

Láti ọdún 1963 ni òfin ti sọ pé àjèjì kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ aládàáni láìgba àṣẹ. Òfin ọdún 2015 tó rọ́pò rẹ̀ kò yí èyí padà.

Èkíní ni iṣẹ́ ìgbà díẹ̀, bíi títo ẹ̀rọ tàbí títún un ṣe. Ẹni tó pe oníṣẹ́ náà ni yóò bá a tọrọ àṣẹ iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ Ìmígíréṣọ̀n, kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Físà àlejò tàbí ti oníṣòwò kì í ṣe àṣẹ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Èkejì ni iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ilé iṣẹ́ yóò gba kóòtà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Kóòtà náà á dárúkọ iṣẹ́, á sì sọ iye ènìyàn. Bí a bá gbà á fún ẹnjiníà, a ò gbọdọ̀ fi akọ̀wé síbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà méjì ló yẹ kó máa kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àjèjì kan, kí ìmọ̀ náà má baà bá a lọ.

Ẹ̀kẹta ni àwọn aládùúgbò wa. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní oṣù karùn-ún ọdún 1979 gbà wọ́n láyè láti wọlé láìsí físà fún 90 ọjọ́, bí ìwé ìrìnnà wọn bá pé. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, kó lọ gba káàdì ìgbé ECOWAS. Bùrùkínà Fásò, Màlì àti Nìjẹ̀ ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ láti ibẹ̀, kó tètè béèrè bí nǹkan ṣe rí.

Ẹ má pe èyí ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan tiwa láti lé ènìyàn: àwọn tó lọ ju mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àpò Ghana Must Go tó wà ní ọjà Òkè-Àje, láti ìgbà náà ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àìníwé òṣìṣẹ́ a máa tú u ká lójijì, ọ̀gá náà a sì pàdánù.

Nítorí náà, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ka 90 ọjọ́. Ẹ má gba ìwé náà pamọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ló ni ín. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín dé ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n, ẹ má fowó fún alágbàṣe ẹ̀bá ọ̀nà, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá fẹ́ kí á bá òun kọ lẹ́tà, kó wá bá wa.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọlọ́run á bùkún ọjà wa o.