Gẹ̀ẹ́sì Tí A Fi Ń Ṣe Ìwé àti Iṣẹ́

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà tí kì í gba ẹnu ọ̀nà èdè Gẹ̀ẹ́sì kọjá, nítorí pé nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí a ń ṣe nínú ìdánwò JAMB, mẹ́ta ni ó ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ohun tí olúkúlùkù fẹ́ lọ kọ́, ṣùgbọ́n Use of English ni ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ti fi ayọ̀ kọjá níbẹ̀ ni ó ń débi tí wọ́n ti ní kí ó kọ iṣẹ́ ìwádìí, tàbí kí ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀ rí, tí gègé á sì wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé, ohun tí a kọ́ ọ ni kò tó ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó fa èyí kò jìnnà. Ẹni tí ó bá ń fọ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ ni a ń pàtẹ́wọ́ fún láti ìgbà tí ìwé ti dé ilẹ̀ wa, a ní ó ń da gírámà bolẹ̀, àṣà náà sì ti wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dọ́ mìíràn fi gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn tó ni ọgbọ́n inú rẹ̀ ń pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Ẹ wo IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ wa ń torí rẹ̀ pàdánù oorun: ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n fún apá ìkọ̀wé, iṣẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀, èkíní kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 150, èkejì kò sì gbọdọ̀ dín ní 250, ohun mẹ́rin tí ó dọ́gba ni wọ́n fi ń wọn ìwé náà, èyíinì ni pé ṣé òǹkọ̀wé dáhùn ohun tí a bi í, ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn, ṣé ó mọ ọ̀rọ̀ yàn, ṣé gírámà rẹ̀ sì gún. Gírámà tí a ń bọ bí òrìṣà kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Ibi tí ó ti ń ṣòro jù fún wa ni títo ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àgbà Yorùbá tí ó bá dìde láàrin ìgbìmọ̀ kì í já lu ọ̀rọ̀. Yóò júbà, yóò kí ará ilé, yóò kí àlejò, yóò fi òwe wá ọ̀rọ̀ títí kí ó tó fi ọwọ́ kan ohun tí ó gbé e dìde, ẹwà àti ọ̀wọ̀ ni èyí sì jẹ́, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ó parun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ka lẹ́tà iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ń wá ohun tí o fẹ́, ìdí tí o fi fẹ́ ẹ, àti ọjọ́ tí o fẹ́ ẹ, láti ìbẹ̀rẹ̀ gan-an. Bí kò bá rí i, yóò gbé ìwé náà tì. Bákan náà ni ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé rí: ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dání, ẹ̀rí a sì tẹ̀lé e, bí a bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, a ní láti dárúkọ onítọ̀hún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè ni wọn yóò pè wá, a kì í sì í sọ pé dandan ni níbi tí ẹ̀rí wa kò bá kọjá pé ó jọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọjọ́ ti lọ fún òun, tàbí pé Yorùbá ni ó ń dí òun lọ́wọ́. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ní Freetown ni ó ti kọ́ ọ, nígbà tí ó sì di 1843, òun ni ó ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì jáde, kí wọ́n tó fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní ti pé Yorùbá ń dí ènìyàn lọ́wọ́, ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tí ó ti mọ bí a ti ń ro ọ̀rọ̀ já ní èdè ìyá rẹ̀ ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìdajì yòókù kò ju ìwé kíkà àti ìwé kíkọ lọ. Ẹni tí ń kọ́ nípa òfin, kí ó máa ka ìwé àwọn amòfin. Ẹni tí ń ṣe ìṣègùn, kí ó máa ka ti àwọn oníṣègùn, kí ó sì máa ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí ó ń bá ọ̀rọ̀ rìn. Kí ó máa kọ ìpínrọ̀ kan lójoojúmọ́, kí ó jẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì, kí ó kà á sókè, kí ó yọ ohun tí kò wúlò kúrò, kí ó sì gbé e fún ẹni tí kò ní pọ́n ọn lé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni èyí tí ó pọ̀ jù wà. Máàkì nìkan kò kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá ń dá ìwé padà fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, kí ẹ sì ní kí ó lọ tún un kọ.