Igi Ìpọnrù: Bí Ọdẹ Ṣe Lè Yan Èyí Tí Ó Lágbára fún Ẹran Ńlá

Àwọn àgbà a máa wí pé, ẹni tí ó ru ẹran erin lórí kì í fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ìmọ̀ràn ni òwe yìí fún ẹni tí ó ní ohun ńlá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pẹ̀lú bí àwọn baba ti ń gbé ẹran jáde nínú igbó: orí ni wọ́n fi ń rù ú. Títí di òní, òṣùká ni ọ̀pọ̀ ọdẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Orí dára fún ẹrù kékeré lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá tóbi, tí ilẹ̀ kò sì dára, ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó ru ẹrù náà, ìbàdí ni ó sì yẹ kí ó gba ìwúwo rẹ̀.

Ilẹ̀ Lekki, láti Ajah lọ sí ìhà Ìbẹ̀jú, jẹ́ ilẹ̀ tóóró láàrin òkun àti ọ̀sà. Iyanrìn ni apá kan, àbàtà ni apá kejì. Nínú iyanrìn, ẹsẹ̀ a máa rì. Nínú àbàtà, ẹsẹ̀ a máa yọ̀. Ẹni tí ó fi ọwọ́ kan di ẹrù orí mú, tí ó sì fi ìkejì di ìbọn, kò ní ọwọ́ tí yóò fi di ẹ̀ka mú nígbà tí ó bá fẹ́ ṣubú. Ìtàkùn tí ó rọ̀ sílẹ̀ a sì máa kọ́ ẹrù orí.

Kò sí ìdí láti kẹ́gàn ẹrù orí. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà lè ru ẹrù tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara wọn, láìlo agbára ju ìgbà tí wọ́n ń rìn lásán lọ. Àwọn Luo ń rù ú lórí. Àwọn Kikuyu ń gbé e sí ẹ̀yìn, wọ́n sì ń fi okùn rẹ̀ kọ́ orí. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ti kọjá ìwọ̀n yìí, agbára tí ó ń gbà a máa pọ̀ sí i. Fún ọkùnrin tí ó wọn kílò 65, ìwọ̀n náà jẹ́ kílò 13. Òyà kò tó bẹ́ẹ̀, ẹtu kò sì tó o. Ṣùgbọ́n ìgalà àti túùkú ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí ẹnì kan bá sì ń fi ẹrù wúwo sórí lọ́dọọdún, egungun ọrùn rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀ nígbà ogbó.

Igi ìpọnrù dàbí àkàbà kékeré: ọ̀pá méjì ní òró, ọ̀pá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìbú, okùn fífẹ̀ méjì fún èjìká, àti ọ̀já fún ìbàdí. A ó di ẹrù mọ́ ọn, a ó sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Àwọn ará Kòríà ti ń lo irú tiwọn, tí wọ́n ń pè ní jige, láti ayébáyé. Nígbà ogun 1950 sí 1953, òun ni àwọn alágbàrù fi gbé oúnjẹ àti ọta gun òkè lọ bá àwọn ọmọ ogun. Ní Amẹ́ríkà, Lloyd Nelson gba ìwé àṣẹ ìjọba ní 1924 fún èyí tí a mọ̀ sí Trapper Nelson, lẹ́yìn tí ó ti rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Alaska. Ní 1952, Dick Kelty ní California bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ̀mù ṣe tirẹ̀ fún títà. Ní Alaska, ẹranko kan wà tí a ń pè ní moose, tí ó dàbí àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tí ó tóbi bí ẹṣin. Ẹran akọ rẹ̀ kan lè tó kílò 220, òfin kò sì gba ọdẹ láyè láti fi èyí tí ó ṣeé jẹ sílẹ̀ nínú igbó. Nítorí náà igi ìpọnrù kì í ṣe fàájì fún wọn.

Bí ìyá ti ń pọn ọmọ ni kí ọdẹ fi yan tirẹ̀. Ìyá kì í so ọmọ rọ̀ sí èjìká. Ó gbé e mọ́ ẹ̀yìn pẹ́kípẹ́kí, ó fi ọ̀já gbà á, ìwúwo ọmọ sì bọ́ sí ìbàdí. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò lára igi ìpọnrù, nígbà náà, ni ọ̀já rẹ̀. Kí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí ó jókòó lé egungun ìbàdí, kí ó má ṣe fún ikùn. Okùn èjìká kò gbọdọ̀ dín ní ìka mẹ́ta ní fífẹ̀, kí a sì fi aṣọ tẹ́ inú rẹ̀. Okùn tínrín a máa gé èjìká, a sì máa mú kí apá kú.

Ohun kejì ni gígùn. Kí a wọ̀n láti egungun tí ó yọ ní ìsàlẹ̀ ọrùn dé orí egungun ìbàdí. Èyí tí ó bá gùn jù a máa gbá ìpàkọ́. Èyí tí ó bá kúrú jù a máa da gbogbo ìwúwo lé èjìká. Kí ọdẹ má ṣe ra èyí tí a wọ̀n fún ẹlòmíràn nítorí pé owó rẹ̀ rọjú.

Ohun kẹta ni oríkèé. Kí a di igun méjì tí ó kọjú sí ara wọn mú, kí a sì lọ́ ọ. Bí ó bá dún, tàbí tí ó mì, kí a fi í sílẹ̀. Ìṣó nìkan kò tó, nítorí a máa tú nígbà tí omi bá wọ igi; kí a ti ọ̀pá ìbú bọ inú ọ̀pá òró, kí a sì fi okùn dì í. Ọparun dára bí ó bá gbó, tí a gé e ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì sá a gbẹ lábẹ́ ibòji. Èyí tí ó tutù ni kòkòrò fẹ́ràn. Atẹ́gùn òkun a máa jẹ irin. Alumíníọ̀mù kò ní dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n bí ó bá ya, alágbẹ̀dẹ ni yóò tún un ṣe. Igi tí ó ya, àdá àti okùn tó o nínú igbó.

Ohun kẹrin ni pẹpẹ kékeré ní ìsàlẹ̀. Ẹran tútù a máa yọ̀ bí ẹja. Bí kò bá sí pẹpẹ tí yóò jókòó lé, yóò máa sọ̀ kalẹ̀, yóò sì máa fa ọdẹ sẹ́yìn. Kí okùn tí a hun tàbí aṣọ líle sì wà láàrin igi àti ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn lè kọjá.

Kí a tó gbé e lọ sóko ọdẹ, kí a dán an wò. Iyanrìn kò wọ́n ní Lekki. Kí a rọ ọ́ sínú àpò títí yóò fi tó kílò 20, kí a bomi rin ín, kí a dì í mọ́ igi náà, kí a sì rìn létí òkun fún ìdajì wákàtí. Kí a kúnlẹ̀, kí a dìde. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ọwọ́ kan ṣoṣo tú ọ̀já. Ìdánwò ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí ẹni tí ó bá ṣubú sómi pẹ̀lú ẹrù tí a dè mọ́ ìbàdí lè kú. Kí ọdẹ tú ọ̀já kí ó tó la odò kọjá, kí ó sì sọ ẹrù kalẹ̀ pátápátá kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Igi tí ó le kò sọ ènìyàn di ẹṣin. Túùkú tí ó wọn kílò 80 lè ku nǹkan bí kílò 55 lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun inú rẹ̀. Fún ọkùnrin mẹ́ta, ó ku díẹ̀ kí ó tó kílò 19 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì délé pẹ̀lú ìlera. Fún ọkùnrin kan, ìrìn mẹ́ta ni. Kí a gbé èyí tí ó wúwo jù mọ́ ẹ̀yìn gan-an. Bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀.

Nípa ìlera, kí a fi aṣọ mímọ́ di ẹran, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá a máa sé ooru mọ́ ọn. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ẹran a máa tètè bàjẹ́. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ lọ́nà kí a tó yan án. Kí ẹni tí ó ní egbò má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹran kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé òkú ẹran tí ó bá nílẹ̀: ní oṣù Keje 2023, a rí àrùn anthrax lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger, àrùn tí ó ń ti ara ẹran ran ènìyàn. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a fi ọṣẹ fọ igi ìpọnrù, kí a sì sá a sóòrùn.

Ilé ti gba ọ̀pọ̀ igbó ní Ajah. Ní Lekki, àjọ Nigerian Conservation Foundation dá ibi ààbò àwọn ẹranko sílẹ̀ ní 1990, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78. A kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1985 sì dáàbò bo àwọn ẹranko tí ó ń run lọ, nítorí náà kí ọdẹ mọ èyí tí a kà léèwọ̀ kí ó tó yìnbọn. Ẹni tí kò ṣọdẹ mọ́ kò ní fi igi ìpọnrù rẹ̀ ṣòfò: àgbọn, ẹ̀gẹ́ àti igi ìdáná ń bẹ láti gbé. Owó tí a fi ra èyí tí ó dára, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san án. Ẹ̀yìn tí ó bá bàjẹ́, ojoojúmọ́ ni a ń san tirẹ̀.