Bí Wáyà Bá Já, Kí Ẹ̀rọ Dúró

 

Gbogbo yín lẹ ti rí pákó tuntun tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹgbẹ́ wa, èyí tí a gbẹ́ ẸGBẸ́ YORÙBÁ sí lára. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé Ẹ kejì kò ní àmì nísàlẹ̀. Àpá gígùn kan ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò mọ àkọtọ́. Mo mọ àkọtọ́ o! Ìtàn àpá yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí èrò iwájú tó bá jìn sí kòtò, ó yẹ kó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọwọ́ la fi gbẹ́ ẹ. CNC ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Ẹ óò ya àwòrán, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di àṣẹ, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn: lọ sọ́tùn-ún ní mílímítà 10, sọ̀kalẹ̀ ní mílímítà 2. Á wá fi wọ́n ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀dù kan tó ń jẹ́ Arduino. Ètò tó wà nínú bọ́ọ̀dù náà, GRBL, ló ń ka àṣẹ yìí, tó sì ń mú kí àwọn mọ́tò gbé ọ̀bẹ kiri. Ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tí àwọn káfíńtà ń lò, tó ń pòòyì bí òkòtó, ó lé ní ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú kan.

Ọjọ́ Sátidé ni. Èmi àti ọmọ JS3 kan la wà nídìí ẹ̀rọ, olùkọ́ wa wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ti gbẹ́ Ẹ, G àti B tán, ó wọ Ẹ kejì, ni mo bá gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà. Síkúrù tó di pákó mú lápá kan ti tú, pákó ti ń sún. Mo sáré tẹ ibi tí wọ́n kọ ìdádúró sí lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ti gan, kò dáhùn. Mo bá fa wáyà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ yọ. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Ẹ̀rọ ṣì ń lọ! Ó kọlu irin tó di pákó mú, ọ̀bẹ kán, èyí tó kán fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọ yẹn, ó lọ gbá ògiri. Olùkọ́ wa ló sáré wọlé wá fa wáyà iná lára ògiri. Ọmọ yẹn ò wọ awò ààbò. Èmi náà ò wọ̀ ọ́.

Kí ló dé tí kò dúró? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, GRBL máa ń gba àṣẹ sílẹ̀ ṣáájú, bí ìlà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iṣẹ́ má baà máa dúró díẹ̀díẹ̀. Bọ́ọ̀dù tiwa sì ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí mo fa wáyà kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ oúnjẹ tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Èkejì, ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tó ń yí ọ̀bẹ ò mọ kọ̀ǹpútà rí. Ara ògiri ló ti ń gba iná.

Olùkọ́ wa ò nà wá. Wọ́n ní kí n mú bébà, kí n kọ ohun tó lè bàjẹ́ sápá òsì, kí n sì kọ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe sápá ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà gan: ọ̀bẹ ń yí. Wáyà já: ọ̀bẹ ń yí. Iná lọ: ó dúró. Mo rẹ́rìn-ín, pé ìyẹn kò burú. Wọ́n ní, “Iná padà dé ńkọ́?” Ẹnu mi pa mọ́. Níbí tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ yìí, tí iná bá lọ, ọwọ́ la máa fi gbá ìyẹ̀fun igi kúrò nídìí ọ̀bẹ. Súwíìṣì ẹ̀rọ ìgbẹ́gi ṣì wà ní títàn. Tí iná bá dé lójijì, ìka ẹni ń kọ́?

Wọ́n wá sọ̀rọ̀ bíréèkì ọkọ̀ ojú irin fún wa. George Westinghouse ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe bíréèkì tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú páìpù ló ń tì í kó lè di táyà irin mú. Tí páìpù bá bẹ́, kò sí bíréèkì mọ́. Ní 1872, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí òmíràn tó yí ọ̀rọ̀ náà po: afẹ́fẹ́ inú páìpù ni kò jẹ́ kí bíréèkì mú. Tí páìpù bá bẹ́, tàbí tí àwọn kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn bá já kúrò, bíréèkì á mú fúnra rẹ̀. Páìpù ṣì lè bẹ́ o, ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ́, ọkọ̀ á dúró.

Ohun tí a ṣe sí ẹ̀rọ wa nìyí.

1. Bọ́tìnnì pupa. Bọ́tìnnì ńlá olórí bí olú la fi síwájú tábìlì, níbi tí ọwọ́ lè tètè dé láìkọjá lórí ọ̀bẹ. Kì í bẹ kọ̀ǹpútà pé kó jọ̀ọ́ dúró. Iná gan-an ló ń gé, ti ọ̀bẹ àti ti àwọn mọ́tò. Iná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá nígbà gbogbo, tó fi jẹ́ pé tí wáyà rẹ̀ bá já, bí ẹni pé a tẹ̀ ẹ́ ni.

2. Contactor. Súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń dì mú ni. Tí iná bá lọ, ó jábọ́. Tí iná bá padà dé, kò ní gbéra àfi tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Kódà tí a bá tú bọ́tìnnì pupa sílẹ̀, ìyẹn nìkan ò tó.

3. Súwíìṣì ààlà. Ó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ má baà forí sọ irin. Tẹ́lẹ̀, iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá àfi tí ẹ̀rọ bá kàn án. Tí eku bá wá jẹ wáyà rẹ̀, ta ló máa mọ̀? Ní báyìí, ó dà bí okùn tí ẹni méjì fà le: bí ẹ̀rọ kàn án, bí wáyà já, okùn dẹ̀, GRBL á sì dá rìnrìn dúró. A yí $5 sí 1 kó lè mọ̀ pé a ti yí súwíìṣì padà, a sì yí $21 sí 1 kó lè máa dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ṣì máa ń yí, bọ́tìnnì pupa la fi ń pa á.

Ẹ̀kẹrin wà tí a ò tíì ní. Ṣé ẹ mọ ọdẹ wa tó ń lu irin lóru? Tí wákàtí bá pé tí a ò gbọ́ nǹkan kan, a mọ̀ pé ó yẹ ká lọ wò ó. Àwọn tó ń lo LinuxCNC ní irú rẹ̀: kọ̀ǹpútà á máa lù ú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá gan, ìlù dákẹ́, iná sì gé.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Tí iná bá gé, ọ̀bẹ ṣì máa ń yí díẹ̀ kó tó dúró. Contactor gan-an lè jó kí irin inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi máa ń lo méjì tẹ̀léra. Torí náà, awò ààbò di dandan. Lóṣooṣù, a máa ń yọ ọ̀bẹ kúrò, a ó wá mọ̀ọ́mọ̀ tú wáyà kọ̀ọ̀kan ká wo bóyá ẹ̀rọ máa dúró. Lóṣù tó kọjá, súwíìṣì ààlà kan kò ṣiṣẹ́: èmi ni mo so wáyà rẹ̀ sójú ibi tí kò yẹ. Ká ní a ò tú u wò ni, mi ò bá máa yangàn kiri pé mo ti ṣe é.

Mo ní kí a gbẹ́ pákó tuntun tó ní àmì pípé. Olùkọ́ wa ní rárá, kí èyí tó ní àpá wà lẹ́nu ọ̀nà. Pákó ṣeé rà lọ́jà. Ta ló ń ta ojú?