Ebè Tí Ọmọ Ń Pè Ní Tirẹ̀

Ẹni tó bá dàgbà lóko mọ ebè ọmọdé. Bí ọmọkùnrin bá ti lè gbé ọkọ́, bàbá rẹ̀ á ya ebè díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un létí oko. Iṣẹ́ bàbá ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Tí oòrùn bá wá rọlẹ̀, á bọ́ sídìí tirẹ̀. Iṣu tó bá ta níbẹ̀, òun ló ni ín. Bó bá sì jẹ́ kí koríko bò ó, ojú rẹ̀ ni yóò fi rí i nígbà ìkórè.

Bí o bá ti mọ èyí, o ti mọ ìdajì ètò àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní 4-H ní Amẹ́ríkà. Ìdajì kejì ni yunifásítì.

Lọ́dún 1862, Ààrẹ Abraham Lincoln buwọ́ lu òfin tó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀, kí wọ́n fi owó rẹ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yóò máa kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò yẹ kí á fò ó dá pé ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ àtayébáyé ni, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 1914 ni òfin mìíràn wá pa owó ìjọba àpapọ̀ pọ̀ mọ́ ti ìpínlẹ̀, kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí lè fi òṣìṣẹ́ sí àárín àwọn ará oko, kí ìmọ̀ lọ bá wọn nílé.

Iṣẹ́ àwọn ọmọdé ti ṣáájú òfin yẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 1902, ní Springfield, ìpínlẹ̀ Ohio, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ kan, A. B. Graham, kó àwọn ọmọ jọ sí yàrá abẹ́ ilé ẹjọ́. Wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ní South Carolina, lọ́dún 1910, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Marie Cromer ní kí ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gbin tòmátì sórí ìdá mẹ́wàá éékà kan, kí wọ́n sì rọ ọ́ sínú agolo.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọdé? Àgbẹ̀ kì í tètè gba ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé tí kò mú ọkọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí àgbàdo ọmọ rẹ̀ bá ta ju tirẹ̀ lọ nínú oko kan náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè irúgbìn náà.

Irú ẹgbẹ́ báwọ̀nyí ló wá di 4-H. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò náà ni ìwé àkọsílẹ̀. Ọmọ tó ń sin ehoro gbọ́dọ̀ kọ iye tó fi ra oúnjẹ, ìgbà tí ehoro náà bímọ, iye tó kú, àti ìdí rẹ̀. Nígbà àfihàn ọdọọdún, òṣùwọ̀n kan ló wà níwájú gbogbo wọn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹnikẹ́ni tó bá dé òṣùwọ̀n náà gba rìbọ́ọ̀nù búlúù, ìbáà ṣe ọmọ méjì tàbí ogún. Àwa tí a gba ipò kejìdínlógójì ní kíláàsì rí mọ ohun tí èyí ń ṣe fún ọkàn ọmọ.

Orí, ọkàn, ọwọ́ àti ìlera ni ètò náà ń tọ́jú. Lẹ́tà H ló bẹ̀rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ọmọ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ìlú ńlá: wọ́n ń kan rọ́bọ́ọ̀tì, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n ń lọ sun inú yunifásítì fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà ìsinmi. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni nílé wọn kò débẹ̀ rí á wọ yàrá ìwádìí, á sì béèrè bí èèyàn ṣe ń di oníṣègùn ẹran. Olùwádìí Richard Lerner ti Yunifásítì Tufts, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìdàgbàsókè àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 2002, tẹnu mọ́ nǹkan mẹ́ta tó ń mú ọmọ dàgbà dáadáa: àgbàlagbà tó dúró ti ọmọ fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ tó ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n, àti àyè láti ṣe aṣáájú.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ló jẹ nínú rẹ̀ bákan náà. Ní gúúsù, wọ́n ya ẹgbẹ́ ọmọ dúdú sọ́tọ̀ títí di ìgbà òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ti 1964, owó tí wọ́n sì ń ná lé wọn lórí kéré. Bẹ́ẹ̀, láti 1906 ni Tuskegee, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú, ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà gbé ẹ̀kọ́ kiri oko ní Alabama.

Okùn náà kan ilé wa. Yunifásítì Wisconsin, ọ̀kan nínú àwọn tí òfin 1862 ràn lọ́wọ́, bá Yunifásítì Ifẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ dìde. Lọ́dún 1969, Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Ìṣọyà, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń lọ bá àgbẹ̀ àti ìyàwó wọn lábúlé. Àwọn ọmọ ni ó wù mí kó kàn báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa ń fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lóko kí wọ́n tó jáde. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mú ọmọ mẹ́wàá láti ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà nítòsí, kí yunifásítì ya ebè fún wọn, kí wọ́n sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀.