Ipa Ẹsẹ̀ Owó Bitcoin
Bitcoin jẹ́ owó orí kọ̀ǹpútà. Nígbàkúùgbà tí ó bá ti inú àpò kan bọ́ sí òmíràn, iye rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ a wọ inú ìwé ìṣirò kan tí ó ṣí sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Orúkọ ẹni tí ó ni àpò nìkan ni kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí owó ńlá bá ṣí nípò, ariwo a ta: ṣé ọlọ́rọ̀ ni ó fẹ́ tà á ni, àbí olè ni ó ń kó o sá lọ?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, a jí bitcoin 119,754 kó ní ilé pàṣípààrọ̀ Bitfinex. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lójú kan fún ọdún márùn-ún, ojú ayé sì wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2022, ó lé ní 94,000 tí ó ṣí nípò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ni ó gbẹ́sẹ̀ lé e. Kọ́kọ́rọ́ àpò náà wà nínú àkọsílẹ̀ tí ọkùnrin kan fi pa mọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2023, òun àti aya rẹ̀ jẹ́wọ́ ní kóòtù.

Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìwé ìṣirò náà ń fi ipa ẹsẹ̀ hàn. Ìwádìí ni ó ń fi ojú ẹni tí ó rìn hàn.